Ǹjẹ́ Aró Wà Nínú Ewé Èlú? Àgbéyẹ̀wò Ìbéèrè Ìjìnlẹ̀ Èrò Inú Kẹ́mísírì fún Olùkọ́ ní Agbègbè Yewa

Àṣàmọ̀

Iṣẹ́ yìí gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò tí ó máa ń fara pamọ́ sínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì: kí ni ohun kan jẹ́ gan-an, nígbà tí iná, omi tàbí afẹ́fẹ́ bá ti sọ ọ́ di ohun mìíràn? Aró tí a ń fi èlú ṣe, òkúta tí a ń sun di símẹ́ńtì, omi inú àmù àti ìgbóná rẹ̀ ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ náà jiyàn pé mímọ àwọn òfin fíṣíìsì nìkan kò tó láti mọ kẹ́mísírì, àti pé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá bíi ìwà, mọ̀ àti gbàgbọ́ lè ran olùkọ́ lọ́wọ́ níbi tí ìwé ẹ̀kọ́ ti máa ń fo ìbéèrè dá.

Ìfáàrà

Joga-Orílé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí Ayétòrò jẹ́ ibùjókòó rẹ̀. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni Ibese wà, níbi tí a ti ṣí ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì Dangote ní ọdún 2012. Ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé ní agbègbè yìí mọ ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó símẹ́ńtì, ó sì mọ eruku rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó wà lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni bá dúró níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ó kọ ọ́ sára pátákó pé òkúta tí a fi ń ṣe símẹ́ńtì ni CaCO3, tí ó sì sọ pé inú iná ńlá ni a ti ń sun ún, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà nawọ́ sókè kí ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá sun òkúta náà tán, ṣé òkúta náà ṣì wà níbẹ̀?"

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò sọ pé kí ọmọ náà jókòó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kì í ṣe ti ọmọdé. Ó ti lé ní 2,300 ọdún tí Aristotle, ará ilẹ̀ Gíríìkì, ti ń wádìí bóyá ohun méjì tí a pò pọ̀ di ẹyọ kan ṣì wà nínú àdàlù náà, tàbí wọ́n ti parẹ́. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò òde òní kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tilẹ̀ dá jọ́nà méjì sílẹ̀ tí ó ń gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jáde: Hyle, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, àti Foundations of Chemistry, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Kí ó tó di ìgbà náà, fíṣíìsì ni púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ èrò tí ń kọ̀wé lórí sáyẹ́ǹsì máa ń tẹ́tí sí. Kẹ́mísírì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àbúrò tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè ohun tí ó rò.

Ewé, ìkòkò àti afẹ́fẹ́

Kò sí ibi tí ó dára láti bẹ̀rẹ̀ ju ìdí ìkòkò aró lọ, nítorí pé ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ ti tó láti da èrò ènìyàn rú. Èlú ni ewéko tí àwọn onímọ̀ ewéko mọ̀ sí Lonchocarpus cyanescens. Ewé rẹ̀ tútù ni a máa ń gún nínú odó, tí a ó ṣù, tí a ó sì sá sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Àwọn aláró a ra ìṣù èlú wọ̀nyí lọ́jà, wọn a sì rẹ ẹ́ sínú omi eérú tí wọ́n ti fi ìkòkò onihò sẹ́. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọn yóò fi jẹ́ kí ó ru. Aláró tí ó mọṣẹ́ a máa fi imú gbóòórùn rẹ̀, a sì máa wo ojú omi náà kí ó tó ti aṣọ bọ̀ ọ́.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé aṣọ tí a kọ́kọ́ fà jáde láti inú ìkòkò kì í dúdú. Àwọ̀ tí ó wà láàrin ewé àti ìyeyè ni ó máa ń ní. Ẹ̀yìn ìgbà tí a bá tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú ẹni, tí yóò sì di aró. A ó tún tì í bọ̀ ọ́, a ó tún fà á jáde, títí yóò fi dúdú tó bí a ṣe ń fẹ́.

Àlàyé tí kẹ́mísírì ṣe nípa rẹ̀ nìyí. Ohun kan tí kò ní àwọ̀, tí a ń pè ní indican, ni ó wà nínú ewé èlú, tí ṣúgà sì so mọ́ ọn. Bí a bá gún ewé náà, ìdè yìí yóò já, ohun tí ó kù yóò sì pàdé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Méjì méjì nínú rẹ̀ ni yóò so pọ̀ di aró. Ṣùgbọ́n aró yìí kì í yòrò nínú omi, nítorí náà kò lè wọ inú òwú. Iṣẹ́ tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú ìkòkò tí ń ru ń ṣe ni pé wọ́n ń sọ aró náà di ohun tí ó lè yòrò, tí kò sì dúdú mọ́. Irú èyí ni ó ń wọ inú òwú. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tún kàn án, yóò padà di aró, kò sì ní lè jáde mọ́.

Níbo wá ni aró wà? Kò sí nínú ewé, nítorí pé ohun tí ó wà nínú ewé kò ní àwọ̀. Kò sí nínú afẹ́fẹ́. Nínú ìkòkò tí ó ti ru dáadáa, èyí tí ó ṣeé lò nínú rẹ̀ ni èyí tí kì í ṣe aró mọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé aró wà nínú ewé èlú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ní iná wà nínú igi. Yorùbá kì í sọ pé iná wà nínú igi. Igi ń jó ni à ń wí. Ohun tí ewé èlú ní ni agbára láti di aró, bí ó bá pàdé ohun tí ó yẹ kí ó pàdé.

Ibí yìí ni kókó ìjìnlẹ̀ èrò àkọ́kọ́ wà. Bí ènìyàn bá ṣí ìwé kẹ́mísírì èyíkéyìí, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ bíi "ń jóná," "ń yòrò," "ń jẹ irin" àti "ń bá omi jà" ni a fi ń ṣe àpèjúwe ohun. A kì í sọ bí ohun kan ṣe dá dúró ní òun nìkan. Ohun tí yóò ṣe nígbà tí ó bá kan ẹlòmíràn ni a ń sọ. Nínú èdè Yorùbá, wà ni a fi ń sọ pé nǹkan ń bẹ, inú rẹ̀ náà ni ìwà ti jáde, èyí tí a fi ń pe bí ẹ̀dá ṣe ń ṣe sí ọmọnìkejì rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì, nítorí pé èdè kì í wọn ohun lórí òṣùwọ̀n. Síbẹ̀, olùkọ́ tí ó bá sọ fún ọmọ pé kẹ́mísírì ni ẹ̀kọ́ nípa ìwà àwọn ohun tí ó wà ti sọ òótọ́ púpọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀.

Aró òyìnbó àti aró èlú

Ọ̀rọ̀ yìí ti fa ìjà rí ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Adolf von Baeyer ní ilẹ̀ Jámánì ni ó ṣàwárí bí a ṣe to aró nínú, ní 1883, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Ilé-iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí a kò fi ewé ṣe ní 1897. Kò pẹ́ tí ó fi dé Abẹ́òkúta, òun àti sódà kọ́sítíìkì tí a lè lò dípò omi eérú. Iṣẹ́ rọrùn fún àwọn aláró, nítorí pé sísẹ́ eérú kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé aṣọ àdìrẹ kò dára bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de ìlò àwọn èròjà tuntun wọ̀nyí, àwọn obìnrin aláró sì dìde láti tako òfin náà nítorí oúnjẹ wọn. Judith Byfield kọ ìtàn náà sínú ìwé rẹ̀, The Bluest Hands, tí ó jáde ní 2002.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìjà náà kalẹ̀ bí ìbéèrè ìjìnlẹ̀ èrò. Ǹjẹ́ aró òyìnbó àti aró èlú jẹ́ ohun kan náà? Onímọ̀ kẹ́mísírì yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mólékù kan náà ni, kò sì sí òṣùwọ̀n tí ó lè fi ìyàtọ̀ hàn láàrin mólékù aró kan tí ó ti inú ewé wá àti èkejì rẹ̀ tí ó ti ilé-iṣẹ́ wá. Ìdáhùn yìí tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe mólékù ni aláró ń tà. Ohun tí ó ti inú èlú wá máa ń gbé àwọn ohun mìíràn lọ́wọ́ wá, irú bí indirubin tí ó pọ́n díẹ̀. Sódà kọ́sítíìkì náà lágbára ju omi eérú lọ, ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n dáadáa lè fi ba òwú jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ pé "aró kan náà ni" àti ẹni tí ó sọ pé "aṣọ wọn kò rí bákan náà" lè jọ máa sọ òótọ́, nítorí pé ohun tí oníkálukú ń béèrè kò jọra. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn olùkọ́ ni kí wọ́n rò pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ti sáyẹ́ǹsì, kí èkejì sì jẹ́ ti àwọn ìyá àgbà. Bí aṣọ yóò ṣe rí lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún jẹ́ ìbéèrè kẹ́mísírì pátápátá.

Òkúta tí ń lọ tí ń bọ̀

Kí a padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó nawọ́ sókè. Òkúta tí a ń wà ní Ewékorò, níbi tí iṣẹ́ símẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ láti 1960, àti èyí tí a ń wà ní Ibese, jẹ́ òkúta tí òkun fi sílẹ̀. Nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, omi òkun bo ilẹ̀ yìí, ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ni ó sì kóra jọ di òkúta. Ọmọ Yewa tí ó ń tẹ ilẹ̀ yìí ń rìn lórí ìkarahun láìmọ̀.

Bí a bá sun 100 kílò òkúta yìí, bí ó bá jẹ́ ojúlówó tí nǹkan mìíràn kò dà mọ́, 56 kílò ni yóò kù sílẹ̀. Kílò 44 yòókù ti fò lọ bí afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí. Láti ìgbà láéláé ni àwọn tí ń sun òkúta ti mọ̀ pé ó máa ń fúyẹ́, ṣùgbọ́n Joseph Black, ará Skọ́tílándì, ni ó fi òṣùwọ̀n tọpa rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1756, tí ó sì fi hàn pé afẹ́fẹ́ kan wà nínú òkúta tí iná ń lé jáde. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ni a ń pè é lónìí. Òkúta sísun tí ó kù sílẹ̀ kò jọ ti tẹ́lẹ̀ rárá: bí a bá da omi sí i, yóò hó, yóò sì gbóná gidigidi, ó lè jó ènìyàn lójú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ohun tí ó hó yìí sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ pẹ́ títí, yóò máa gba kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì padà díẹ̀díẹ̀, yóò sì tún di CaCO3. Òkúta ti padà dé. Ṣé òun náà ni, àbí àbúrò rẹ̀?

(Símẹ́ńtì fúnra rẹ̀ kò rìn ní ọ̀nà yìí tààrà. Amọ̀ ni a máa ń pò mọ́ òkúta náà, ìwọ̀n ìgbóná ibi tí a ti ń sun ún a sì máa tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ohun tí yóò jáde níbẹ̀ kò sì jẹ́ òkúta àtijọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ń fò lọ kò yí padà, òun sì ni ó fà á tí a fi ń ka símẹ́ńtì mọ́ àwọn ohun tí ń dá kún ìgbóná ayé.)

Friedrich Paneth, onímọ̀ kẹ́mísírì láti ilẹ̀ Ọ́síríà, gbé irú ìṣòro yìí yẹ̀ wò ní 1931. Ó ní ọ̀rọ̀ náà "ẹ́límẹ́ǹtì" ní ojú méjì tí a kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀. Ojú kìn-ín-ní ni ohun tí a lè fọwọ́ kàn, tí ó ní àwọ̀ àti òórùn. Ojú kejì ni ohun tí ó ń bá ìrìn lọ láti inú ohun kan sí inú òmíràn, tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn tirẹ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni àpẹẹrẹ tí ó yé ènìyàn jù. Sódíọ́ọ̀mù jẹ́ irin tí ń gbiná bí ó bá kan omi. Kílórínì jẹ́ afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n fi pa àwọn ọmọ-ogun ní Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù ní oṣù kẹrin ọdún 1915. Àwọn méjèèjì so pọ̀, ó di ohun tí a ń bu sínú ẹ̀fọ́. Bí a bá ní olóró náà ṣì wà nínú iyọ̀, a ti parọ́ ní ojú kìn-ín-ní. Bí a bá ní kò sí níbẹ̀ mọ́, a ti parọ́ ní ojú kejì, nítorí pé a lè tún fà á yọ.

Ìdáhùn tí olùkọ́ lè fún ọmọ Joga-Orílé wà nínú ìyàtọ̀ yìí. Òkúta náà ti lọ. Kálísíọ́ọ̀mù tí ó wà nínú rẹ̀ kò lọ. Bí ọmọ náà bá wá béèrè irú ohun tí kálísíọ́ọ̀mù jẹ́ nígbà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí a kò sì lè fọwọ́ kàn án, ó ti dé ibi tí àwọn àgbà ń jiyàn lé lórí.

Omi àti orúkọ rẹ̀

Gbólóhùn tí ó rọrùn jù nínú gbogbo sáyẹ́ǹsì ni pé omi ni H2O. Hilary Putnam, onímọ̀ èrò ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1975 pé ohun tí ó bá dà bí omi ní gbogbo ọ̀nà, tí kì í sì í ṣe H2O, kì í ṣe omi, ìbáà jẹ́ pé gbogbo ayé ń mu ún. Lójú rẹ̀, ohun tí a fi to nǹkan nínú ni ó ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́. Hasok Chang fi odindi ìwé kan tí ó jáde ní 2012 bi í bóyá ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ó rán àwọn ònkàwé létí pé HO ni John Dalton pe omi nígbà tí ó gbé èrò átọ́ọ̀mù rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti pé ó gbà tó àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àwọn onímọ̀ tó fẹnu kò lórí H2O. Nínú omi gidi pàápàá, àwọn mólékù H2O kì í jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ń gba háídírójìn lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń fún ara wọn padà, láìdúró. Mólékù H2O kan ṣoṣo kì í tú, kì í sì í dì.

Olùkọ́ èdè yóò tún ṣàkíyèsí pé omi nínú Yorùbá gbòòrò ju H2O lọ: omi ojú, omi ọbẹ̀, omi ọsàn, omi eérú. Èyí kì í ṣe àìmọ̀kan. Ìwà ni Yorùbá fi ń pe nǹkan lómi, ohun tí ń ṣàn, tí a ń bù, tí a ń dà. Kẹ́mísírì ń fi ohun tí a fi tò ó pè é. Ọmọ tí a kò bá là á yé pé orúkọ méjì ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, yóò rò pé ilé-ìwé ni ó wá kọ́ òun pé èdè ìyá òun ń parọ́.

Ṣé fíṣíìsì ló ni gbogbo rẹ̀?

Ní 1929, Paul Dirac kọ ọ́ pé àwọn òfin fíṣíìsì tí gbogbo kẹ́mísírì dúró lé ti di mímọ̀, àti pé ohun tí ó kù ni pé ìṣirò wọn le ju ohun tí a lè yanjú lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé kẹ́mísírì jẹ́ fíṣíìsì tí ìṣirò rẹ̀ ń dá lágara. Ó yẹ kí a ṣọ́ra fún èrò yìí. R. G. Woolley kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1978 tí ó béèrè bóyá ó di dandan kí mólékù ní ìrísí. Ó fi hàn pé bí a bá kọ òfin fíṣíìsì sílẹ̀ ní odidi fún gbogbo ohun inú mólékù, ìrísí tí onímọ̀ kẹ́mísírì ń yà sínú ìwé kì í ti inú rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá ọkàn àwọn átọ́ọ̀mù dúró sójú kan kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yìí, tí Born àti Oppenheimer là ní 1927, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìmọ̀ kẹ́mísírì ni a sì fi mọ ibi tí a ó dá wọn dúró sí.

Ẹ̀kọ́ ohùn tí a ń kọ́ ní ẹ̀ka Yorùbá lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Igba, igbá, ìgbà àti igbà: ohùn ni ó yà wọ́n. Ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀rọ wọn iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n ohùn àárín tí ọmọdé fi sọ igba lè ga lórí ẹ̀rọ ju ohùn òkè tí bàbá rẹ̀ fi sọ igbá. Ohùn òkè kì í ṣe iye kan lórí ẹ̀rọ. Ipò rẹ̀ sí àwọn ohùn tí ó yí i ká lẹ́nu ẹni kan náà ni ó sọ ọ́ di òkè. Kò sí ohun tí ó wà nínú ohùn òkè tí kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí ń gbọ̀n, síbẹ̀ ẹni tí ó mọ gbogbo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbọ̀n kò tíì mọ Yorùbá. Irú ipò yìí ni kẹ́mísírì wà sí fíṣíìsì.

Nínú fíṣíìsì fúnra rẹ̀ pàápàá, irú nǹkan báyìí kún ibẹ̀. Omi inú àmù máa ń tutù nítorí pé àwọn mólékù tí ó ń sáré jù ń sá jáde gba ara amọ̀, àwọn tí ó rọra ni ó sì ń kù sílẹ̀. Bí a bá wá béèrè lọ́wọ́ mólékù kan ṣoṣo pé báwo ni ó ṣe gbóná tó, kò ní ìdáhùn. Mólékù kan lè sáré, kò lè gbóná. Ìgbóná jẹ́ ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ mólékù lápapọ̀. Yorùbá ti ní gbólóhùn fún irú èyí tipẹ́: ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Philip Anderson, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú fíṣíìsì ní 1977, ti kọ ọ́ ní 1972 pé ohun tí ó pọ̀ máa ń yàtọ̀ sí ohun tí ó kéré, kì í ṣe ní iye nìkan, àti pé ìpele ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀.

Mọ̀ àti gbàgbọ́ nínú kíláàsì

Barry Hallen àti J. O. Sodipo, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, bá àwọn oníṣègùn ní Èkìtì sọ̀rọ̀ lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin mọ̀ àti gbàgbọ́, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ní 1986. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìmọ̀ jẹ́ ti ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí a kò tíì dán wò, ìgbàgbọ́ ni, bí ẹni tí ó sọ ọ́ tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kà nínú ìwé pé omi ni H2O lè sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun mọ̀ ọ́n.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn oníṣègùn yìí wọn ilé-ìwé wa, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń pè ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ọmọ kàn gbà gbọ́, ó sì gbà á gbọ́ nítorí ìdánwò. Èyí kò sọ pé átọ́ọ̀mù jẹ́ àròsọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé ilé-ìwé gba ọ̀rọ̀ kan, mọ̀, lọ́wọ́ ọmọ, ó sì dá a padà fún un pẹ̀lú ìtumọ̀ tí ó fẹ́lẹ́ ju ti ilé lọ. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní Yorùbá kò lè sá fún ìyàtọ̀ yìí, àǹfààní ni èyí sì jẹ́ fún un.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ èdè ìkọ́ni fi kan ìjìnlẹ̀ èrò. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ní gbogbo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ pé ọmọ pàdánù Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìpele àkọ́kọ́. Ohunkóhun tí ìlànà bá sọ, ọmọ Joga-Orílé ṣì ń fi Yorùbá ronú nípa òkúta tí ó lọ, akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó sì gba ẹ̀kọ́ Yorùbá ni ó súnmọ́ ìbéèrè náà jù.

Iṣẹ́ tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe kò gba owó. Ìkarahun ìgbín náà jẹ́ CaCO3, gẹ́gẹ́ bí òkúta Ibese. Kí olùkọ́ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ó dà á sínú ìgò, kí ó sì fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Yóò yọ ìfófòó. Bí a bá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde lọ sínú omi mímọ́ tí a sẹ́ lára òkúta sísun, omi náà yóò funfun bí wàrà, nítorí pé CaCO3 ti tún dá níbẹ̀. (Olùkọ́ ni kí ó fọwọ́ kan òkúta sísun, kì í ṣe ọmọ.) Àwọn ọmọ yóò ti rí ìfófòó náà, wọn yóò sì ti rí omi tí ó funfun, wọ́n mọ ìwọ̀nyí. Afẹ́fẹ́ tí ó gba inú rọ́bà kọjá, wọn kò rí i, ṣùgbọ́n wọ́n rí ibi tí ó ti jáde àti ibi tí ó wọ̀. Átọ́ọ̀mù kálísíọ́ọ̀mù, ẹnikẹ́ni kò rí i nínú kíláàsì náà, olùkọ́ pàápàá kò rí i. Ibẹ̀ ni yóò ti dúró díẹ̀, kí ó sọ fún wọn pé ohun tí òun fẹ́ sọ tẹ̀lé e jẹ́ ohun tí àwọn yóò kọ́kọ́ gbà gbọ́ ná, kí ó sì mú ìtàn òṣùwọ̀n Joseph Black wá, kí wọ́n lè mọ irú ẹ̀rí tí ó ń mú kí àwọn ẹlòmíràn gbà á.